Ṣé Bowie Lẹ Ń Gbé Ni, Àbí Mitchellville?

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń gbọ́ mi nínú mọ́tò, àwọn mìíràn á sì dúró títí a ó fi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ kí wọ́n tó kà á.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó máa ń wo ètò yìí fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Òun àti ìyá rẹ̀ jọ ń gbé ní Mitchellville níbí. Ó ní, "Bàbá, ẹ káàárọ̀ sà. Àwọn ará àdúgbò wa ń jà nínú group wa. Àwọn kan ní kí a lọ bá ìlú Bowie, kí wọ́n fa àdúgbò wa mọ́ra, kí àwa náà lè máa jẹ ohun tí àwọn ará ìlú ń jẹ. Àwọn kan ní rárá, owó orí ilé á lọ sókè. Mọ́mì mi ní kí n má dá sí i, pé ọ̀rọ̀ ìjọba ni. Ṣé kí n dá sí i? Àti pé, bàbá, ṣebí Bowie náà la ti ń gbé tẹ́lẹ̀? Bowie ló wà lórí lẹ́tà wa."

Mo rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe òun ni mo fi rẹ́rìn-ín, ara mi ni. Nígbà tí èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé sí apá ibí, mo gbọ́ pé ìlú Bowie ń dìbò. Mo dé fìlà, mo wa mọ́tò lọ, mo tò sórí ìlà. Ìyá arúgbó kan tó jókòó sídìí tábìlì wo orúkọ mi títí, kò rí i. Mo yọ ìwé àṣẹ ìwakọ̀ mi, mo ní, "Màmá, ẹ wò ó, Bowie ni wọ́n kọ síbẹ̀." Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi pé ilé mi kò sí nínú ìlú. Lẹ́yìn mi, ó tó èèyàn mẹ́wàá tó ń wò mí. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín lónìí.

Orúkọ tó wà lórí lẹ́tà yín, iṣẹ́ àwọn tó ń pín lẹ́tà ni. Zip code kì í ṣe ààlà ìjọba. Ọ̀pọ̀ ilé tó wà ní 20721 ló ń gba lẹ́tà tí wọ́n kọ Bowie sí, tí ẹsẹ̀ wọn kò sì tíì wọ ìlú Bowie rí. Mitchellville fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó ní orúkọ, ó ní ààlà tí àwọn tó ń ka èèyàn fà yí i ká kí wọ́n lè rí iye tí a jẹ́, a sì lé díẹ̀ ní 11,000 nígbà ìkànìyàn 2020. Ṣùgbọ́n kò ní méyọ̀, kò ní ìgbìmọ̀, kò ní ọlọ́pàá tirẹ̀, kò sì lè gba owó orí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bowie tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní gbogbo èyí, àwọn èèyàn rẹ̀ sì ju 58,000 lọ. Àwa nìkan kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀ o. Silver Spring, Bethesda, Columbia, gbogbo orúkọ ńlá tí ẹ ń gbọ́ yẹn, kò sí ìkankan nínú wọn tó jẹ́ ìlú lójú òfin.

Mo mọ ìdí tó fi ń rú àwọn òbí yín lójú. Nílé, kò sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ ilẹ̀ kan tí kò sí lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan. 774 ni wọ́n, orúkọ wọn wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999. Nítorí náà, bí ẹni tó dàgbà sí Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ bá dé Maryland, ó gbà pé ibikíbi tó bá ní orúkọ ní alága tirẹ̀. Níbí, káúńtì ni ilé ńlá. Gbogbo wa ló ń gbé inú rẹ̀. Ìlú dà bíi yàrá nínú ilé yẹn, tó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Yàrá mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló wà ní Prince George's. Ẹni tó wà nínú yàrá ṣì wà nínú ilé, ó ń san owó ilé, ó sì ń san ti yàrá. Àwa tí a kò sí nínú yàrá kankan, pálọ̀ la wà. Ọ̀dọ̀ ìjọba káúńtì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa ń lọ.

Fífa ilẹ̀ mọ́ ìlú túmọ̀ sí pé yàrá fẹ́ wó ògiri rẹ̀, kó tún un mọ síwájú díẹ̀, kó gba apá kan nínú pálọ̀.

Kì í ṣe ohun tuntun níbí. Bowie tí ẹ rí yìí, ìlú kékeré lẹ́bàá ojú irin ni nígbà tó gba ìwé àṣẹ ìlú ní 1916. Ní 1957 ni ilé iṣẹ́ Levitt, àwọn tó ń kọ́ ilé bí ẹni ń yan búrẹ́dì, ra ilẹ̀ Belair, oko ńlá tó jẹ́ ti gómìnà ayé àtijọ́ kan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé síbẹ̀. Kò ju ọdún méjì lọ tí Bowie fi fa ilẹ̀ yẹn mọ́ra, nígbà tó sì di 1963 ó ti di ìlú ńlá lójú òfin. Ẹni tó bá ń sọ pé "ojúlówó ará Bowie ni mí", ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orí ilẹ̀ tí wọ́n fà mọ́ra ni wọ́n bí i sí. Kódà, ọ̀nà tó ń jẹ́ Mitchellville Road gba inú ìlú Bowie kọjá. Ẹ ò rí i bí orúkọ ṣe máa ń ṣini lọ́nà!

Ó dára. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fetí sílẹ̀, torí pé ohun tí ọ̀pọ̀ wa rò ni pé ìjọba á kàn jí lọ́jọ́ kan, á sún ààlà.

Òfin Maryland kò gbà bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́, ilẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ kan ìlú. Ìlú kò lè fo ilẹ̀ ẹlòmíràn kọjá lọ mú èyí tó wù ú, kò sì gbọ́dọ̀ fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ sáàárín kó wá yí i ká bí omi ṣe ń yí erékùṣù ká. Bí àdúgbò ọmọbìnrin yìí kò bá kan ààlà Bowie, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, kí wọ́n fi WhatsApp sílẹ̀.

Bó bá kàn án, ọwọ́ méjì ló gbọ́dọ̀ bọ ìwé. Ọwọ́ kìíní ni ti àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tí wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò: ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́rin wọn. Ọwọ́ kejì ni ti àwọn tó ni ilé àti ilẹ̀ níbẹ̀, àwọn tí ohun ìní wọn tó ìdá kan nínú mẹ́rin iye tí ìjọba dá lé gbogbo ohun ìní àdúgbò náà. Yálà ìlú ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ni o, tàbí àwọn ará àdúgbò ló lọ bá ìlú, ọwọ́ méjèèjì yìí gbọ́dọ̀ pé. Ká sọ pé ilé 120 ló wà ládùúgbò, ìjọba sì dá 500,000 dọ́là lé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn onílé ọgbọ̀n ti tó. Bó bá jẹ́ èèyàn 200 ló ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, àádọ́ta ti tó.

Ẹ jẹ́ kí n dúró síbí díẹ̀, torí pé ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan ilé yín gan-an. Ẹ wo ilé wa. Mọ́mì ni orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ilé. Mọ́mì lè máà tíì di ọmọ Amẹ́ríkà, green card ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún 15. Òfin gba Mọ́mì ní ọwọ́ kejì, nítorí pé ilé ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọwọ́ kìíní, Mọ́mì kò sí. Ìwọ tí wọ́n bí sí Cheverly tàbí sí DC, tí ò ń gbé nínú basement, tí o rò pé o ò ní ohun kan láyé ju kọ̀ǹpútà àti gbèsè yunifásítì lọ, ìwọ ni wọ́n ń kà. Àmọ́ kìkì bí o bá ti forúkọ sílẹ̀, tí orúkọ náà sì wà ní àdírẹ́sì yẹn. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá dákẹ́, ilé yín kò sí nínú ìṣirò rárá. Àwọn aládùúgbò á ka ọgbọ̀n ilé tiwọn, wọ́n á ka àádọ́ta èèyàn tiwọn, ààlà á sì kọjá lẹ́nu ọ̀nà yín.

Mo fẹ́ sọ èyí láìfi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́: àwa òbí la kọ́ yín pé kí ẹ má dá sí ọ̀rọ̀ ìjọba. A ní ìdí. Ohun tí a fojú rí nílé la fi kọ́ yín.

Ẹ rántí Èkó. Láyé ìjọba Tinubu gẹ́gẹ́ bíi gómìnà, Èkó dá ìjọba ìbílẹ̀ 37 kún 20 tó wà tẹ́lẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ Ọbásanjọ́ di owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó mú. Wọ́n gbé ara wọn dé kóòtù tó ga jù lọ ní 2004. Kóòtù ní Ààrẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti di owó yẹn mú. Kóòtù kan náà tún ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tuntun yẹn kò tíì délẹ̀ tán títí ilé aṣòfin àpapọ̀ yóò fi tún ìwé òfin ṣe. Títí di òní, 37 yẹn ṣì ń jẹ́ LCDA, bí ọmọ tí wọ́n ti sọ lórúkọ tí wọn ò tíì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Nínú gbogbo ìjà yẹn, ta ló kan ìlẹ̀kùn ìyá kan ní Agége pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ fọwọ́ sí i?"

Èyí tó burú ju ti Èkó lọ tún wà. Nígbà tí wọ́n dá Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ sílẹ̀, ibi tí ilé ìjọba yóò jókòó sí di ọ̀rọ̀ láàárín Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́. Ìjà tó tibẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní 1997 kò rọlẹ̀ títí ó fi di 2000. Ìjà yẹn ní gbòǹgbò tó pẹ́ ju ìgbà yẹn lọ o, n kò sì wá dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi níbí. Èèyàn kú, ilé jó, àwọn ọmọ sá kúrò ní yunifásítì. Àwọn kan nínú àwọn òbí yín tó ń gbé ní Maryland lónìí wà ní Ifẹ̀ nígbà yẹn. Bí ẹ bá sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ààlà, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn kì í ṣe ohun tó wá sí yín lọ́kàn. Ẹ ní sùúrù fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Maryland. Ọwọ́ méjèèjì ti bọ ìwé. Ìlú á wá gbé àbá kalẹ̀, á sì kọ ètò kan mọ́ ọn: kí ni wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ náà ṣe, iṣẹ́ wo ni wọ́n máa ṣe fún àwọn ará ibẹ̀, nígbà wo, owó wo ni wọ́n máa fi ṣe é. Ètò yẹn gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ káúńtì àti àwọn elétò ìlú ti ìpínlẹ̀ ní ọgbọ̀n ọjọ́, ó kéré tán, ṣáájú ìjókòó gbangba. Wọ́n á kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin léra wọn, àfi bí ilẹ̀ náà bá kéré. Lẹ́yìn náà ni ìjókòó gbangba, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè dìde sọ̀rọ̀. Green card o, kò sí green card o, ẹnu kì í béèrè ìwé ìrìnnà.

Bí ìgbìmọ̀ ìlú bá wá fọwọ́ sí i, kò tíì parí. Ọjọ́ 45 gbọ́dọ̀ kọjá. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, èèyàn mẹ́ta lè ní kí wọ́n dúró, kí wọ́n dìbò sí i ná. Àwọn ará àdúgbò tí wọ́n fẹ́ fà mọ́ra lè sọ bẹ́ẹ̀, bí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ bá fọwọ́ sí ìwé. Àwọn ará ìlú fúnra wọn lè sọ bẹ́ẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo ará yàrá ló fẹ́ kí èrò kún un. Ìgbìmọ̀ káúńtì náà lè sọ bẹ́ẹ̀, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn bá gbà.

Kí ló máa mú káúńtì bínú? Owó ni. Ìlú máa ń gba ìpín nínú owó orí tí káúńtì ń gbà lórí owó tó ń wọlé fún àwọn ará ìlú. Bí àdúgbò kan bá bọ́ sínú ìlú, ìpín yẹn bá a lọ. Ó tó 17 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà mìíràn ó tún jù bẹ́ẹ̀. Káúńtì á sì tún dín owó orí ilé kù fún ẹni tó wà nínú ìlú, torí pé ìlú ti gba àwọn iṣẹ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí ni ẹni tó ń pariwo nínú group pé owó orí á lọ sókè kò sọ tán. Òótọ́ ni, ẹ máa san ti ìlú. Àmọ́ ti káúńtì á lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ká kàn fi ṣe àpẹẹrẹ: bí ìlú bá ń gba 40 sẹ́ǹtì lórí 100 dọ́là, ilé 500,000 á san 2,000 dọ́là lọ́dún. Bí káúńtì bá wá dín 14 sẹ́ǹtì kù, 700 dọ́là nìyẹn. Ohun tó kù láti rò ni 1,300, kì í ṣe 2,000. Ẹ wá bi ara yín léèrè bóyá pàǹtírí tí wọ́n ń kó, yìnyín tí wọ́n ń kó kúrò lójú ọ̀nà àti ọlọ́pàá tí ẹ máa rí á tó 1,300 lójú yín. N kò lè dáhùn ìyẹn fún yín. Ẹlòmíràn, ó tó o. Ẹlòmíràn, HOA rẹ̀ ti gba gbogbo owó lọ́wọ́ rẹ̀ tán.

Ohun kan wà tí àwọn tó fẹ́ wọ ìlú sábà máa ń rò tí kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n rò pé ìlú á gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́ townhouse sí gbogbo ibi. Ní Prince George's, Laurel nìkan ni ìlú tó ní àṣẹ tirẹ̀ lórí ohun tí wọ́n lè kọ́ sórí ilẹ̀. Ní àwọn ìlú yòókù, Bowie náà wà nínú wọn, káúńtì ló di ọ̀bẹ ìyẹn mú. Ẹ rántí pápá ọkọ̀ òfuurufú kékeré tó wà ní Church Road, Freeway Airport. Ìgbìmọ̀ káúńtì ṣe òfin ní 2019 kí wọ́n lè kọ́ townhouse síbẹ̀, àwọn ará àdúgbò sì gbé ẹjọ́ náà dé kóòtù tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ yìí ní 2023. Upper Marlboro ni wọ́n ti ṣe òfin yẹn. Ìlú lè sọ èrò rẹ̀, àmọ́ òun kọ́ ló ń dájọ́.

Àgbàlagbà máa ń béèrè pé, bí ìlú kò bá ní ọ̀bẹ yẹn, kí ló kù lọ́wọ́ rẹ̀? Ìwé àdéhùn ni. Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an. Ní 1985, Bowie fa ilẹ̀ 466 éékà mọ́ra, ilẹ̀ tó jẹ́ ti Yunifásítì Maryland. Kí wọ́n tó fà á, wọ́n jọ jókòó, wọ́n kọ àdéhùn: ilé iṣẹ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àti ìwádìí, àti ọ́fíìsì, ni wọ́n fẹ́ sórí ilẹ̀ yìí. Wọ́n kọ ọ́ mọ́ ilẹ̀ náà lọ́rùn, kó lè máa tẹ̀lé ilẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni tó bá rà á. Ọdún gorí ọdún. Ilé iṣẹ́ kan ra apá kan nínú rẹ̀, ó sì fi ilé ibẹ̀ háyà fún àwọn tó ń kọ́ ọmọdé ní ijó. Bẹ́ẹ̀ ni o, ijó! Ìlú Bowie ní rárá, ijó kọ́ ni a jọ kọ sínú ìwé. Ẹjọ́ yẹn rìn títí dé kóòtù tó ga jù ní Maryland, ní 2007 sì ni kóòtù ní àdéhùn yẹn ṣì múlẹ̀, ilé ijó kò sì bá a mu.

Àánú àwọn ọmọ oníjó yẹn ṣe mí, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọdún 22 lẹ́yìn tí wọ́n sún ààlà, ohun tí wọ́n kọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ṣì ń sọ̀rọ̀. Bàbá mi máa ń gbin pèrègún sí ààlà oko rẹ̀, torí pé pèrègún kì í kú bọ̀rọ̀, bí ẹnikẹ́ni bá sì fà á tu, gbogbo abúlé ló máa mọ̀. Ìwé àdéhùn ni pèrègún ti ibí. Bí àdúgbò yín bá máa wọ ìlú, ọjọ́ tí ìlú ń fẹ́ ìbuwọ́lùwé yín ni ọjọ́ tí ẹ lè béèrè fún iná ojú pópó, fún ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, fún ọjọ́ tí wọ́n máa tún ọ̀nà ṣe. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ètò. Bí ẹ bá ti buwọ́ lùwé tán kí ẹ tó béèrè, ẹ ti pẹ́.

Ẹni kan á ní, "Bàbá, gbogbo èyí gùn jù, kò lè ṣeé ṣe láéláé." Ó ti ṣeé ṣe ní ibi tó le ju tiwa lọ. Takoma Park, ìlú kan ṣoṣo, wà nínú káúńtì méjì tẹ́lẹ̀. Apá kan wà ní Montgomery, apá kan wà ní Prince George's níbí. Èèyàn á sọdá títì, ọlọ́pàá káúńtì á yàtọ̀, ilé ìwé ọmọ á yàtọ̀. Ní 1995 wọ́n dìbò, àwọn ìgbìmọ̀ káúńtì méjèèjì àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Ní July 1, 1997, àwọn ará Prince George's ibẹ̀ jí sí Montgomery láìsí pé ẹnikẹ́ni kó ẹrù. Prince George's pàdánù ilẹ̀ àti owó orí, síbẹ̀ ìgbìmọ̀ rẹ̀ gbà. Takoma Park yìí kan náà ló ń jẹ́ kí àwọn tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà dìbò fún méyọ̀ ìlú wọn láti ọdún tó ti pẹ́. Ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.

Nítorí náà, ọmọ mi, ìwọ tó bi mí léèrè. N kò sọ pé kí ẹ wọ ìlú, n kò sì sọ pé kí ẹ má wọ̀ ọ́. Mo sọ fún un pé kó kọ́kọ́ wo máàpù, bóyá àdúgbò wọn tilẹ̀ kan ààlà Bowie. Kó wo ìwé owó orí ilé, bóyá ó máa rí owó ìlú kankan níbẹ̀. Kó sì lọ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tó lè dìbò ní àdírẹ́sì ilé wọn.

Ó pè mí padà lálẹ́ ọjọ́ kejì. Ó ní orúkọ òun ṣì wà ní Baltimore, níbi tí òun ti lọ sí yunifásítì, àti pé láti ọdún mẹ́fà tí òun ti padà sílé, òun ò dìbò fún ẹnikẹ́ni ní Prince George's rí. Ó ti yí i padà kó tó pè mí.

Ó ní òun àti Mọ́mì wá ìwé owó orí ilé títí, abẹ́ Bíbélì ni wọ́n ti rí i. Wọ́n kà á láti òkè dé ilẹ̀. Káúńtì wà níbẹ̀, ìpínlẹ̀ wà níbẹ̀, Bowie kò sí níbẹ̀. Mọ́mì bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ta ló wá ń kó yìnyín kúrò ní títì wa látọjọ́ yìí?"

"Káúńtì ni, Mọ́mì."

"Èyí tí wọn ò kó lọ́dún tó kọjá yẹn ńkọ́? Bowie ni mo ń pè ní gbogbo ìgbà yẹn o. Fún mi ní nọ́ńbà káúńtì."

Ó ní òun sọ fún un pé 311 ni. Ìyá náà kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé owó orí.